Ìyá Àgbà Tó Dá "Ilé Tóbi Ju Ẹnìkan Lọ" Sílẹ̀

Bí ẹ bá dàgbà tó láti mọ àwọn orin tí rédíò ń kọ láàárín ọdún 1960 sí 1969, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá bàbá mi rí, bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn. Orin náà kì í ṣe orin ijó. Ó máa ń rọra rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú yàrá tí kò sí fìtílà. Jìtá kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ dún, ohùn ọkùnrin kan yóò sì tẹ̀ lé e: "Ilé tóbi ju ẹnìkan lọ, Àdùnní." Àwọn awakọ̀ kọ ọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ ọ́, àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn wà lẹ́yìn odi sì ń kọ ọ́ nídìí ààrò. Ọkùnrin tó gbé e jáde di olókìkí. Ẹni tó dá a sílẹ̀ jókòó sí Ìlọrà, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́.

Sàlámátù ni orúkọ wọn. N kò ní kọ ìtàn wọn láti ọjọ́ ìkómọ dé ọjọ́ ìsìnkú, nítorí ẹni tó bá gbé ìyẹn lé iwájú, ọdún ni yóò máa kà, ènìyàn yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo rántí ni n ó sọ, bó ṣe ń wá.

Ohun tí a fi mọ Ìyá Àgbà láti Ìlọrà dé Fìdítì ni kíkọ́ àwọn ọmọge ní ẹkún ìyàwó. Láyé ìgbà náà, ọmọge kì í lọ ilé ọkọ bí ẹni tó ń lọ odò. Yóò fi ohùn ẹkún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, yóò fi tọrọ àdúrà lọ́wọ́ bàbá, yóò fi kí gbogbo agbo ilé pé ó dìgbóṣe, àwọn tó ń gbọ́ yóò sì máa fi ẹkún náà wọn irú ilé tó ti jáde. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi ń kó ọmọ wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ọmọge kọjú sí àwọn. Ògiri ni yóò kọjú sí, àwọn yóò sì máa bó ẹ̀gẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ọmọ náà bá ṣi ohùn pè, ọ̀bẹ yóò dúró. Wọn kò ní sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ ṣáà ti dúró ni, ọmọ yóò sì tún un pè. Ọmọge kan láti Ìwàrẹ, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, bèèrè ìdí tí òun yóò fi máa bá ògiri sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí ń dà láàmú. Ìyá Àgbà ní, "Bí mo bá ń wo ojú rẹ, ojú ni wàá máa fi sunkún fún mi. Ọ̀fun rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Wọ́n mọ ìjà á jà, ṣùgbọ́n ìjà wọn kì í ní ariwo. Àlùfáà àdúgbò wa, ẹni ire tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn, wá bá wọn lẹ́yìn ìrun Àsàrì lọ́jọ́ kan, ó ní kò yẹ kí obìnrin tó ń gbààwẹ̀ tó sì ń kírun bíi tiwọn máa kọ́ ọmọ mùsùlùmí ní àṣà tí ẹ̀sìn kò pa láṣẹ. Ìyá Àgbà bu omi fún un. Wọ́n jẹ́ kó wàásù rẹ̀ tán. Nígbà náà ni wọ́n rọra bèèrè nípa ọmọbìnrin rẹ̀ tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, bóyá ẹnu dídì ni yóò fi jáde nílé. Àlùfáà wo ilẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ìyá ọmọ kò tíì jẹ́ kí òun sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ sọ fún un kó mú un wá lọ́la," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹ̀yin ẹ máa wàásù lọ, Àlùfáà, àwa á máa bá yín sunkún lọ." Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí láwàní fi tú lórí rẹ̀.

Òfin kan wà tí wọn kò fi ṣeré rárá. Nílé wa, ìyá kì í sunkún lọ́jọ́ tí ọmọ ń lọ ilé ọkọ, kì í sì í jáde wo ẹ̀yìn rẹ̀. Inú yàrá ni yóò jókòó sí, ọmọ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sun ẹkún tirẹ̀, yóò sì máa lọ. Àwọn àgbà gbà pé omijé ìyá a máa mú ọ̀nà yọ̀ fún ọmọ. Ká sọ òótọ́, àwọn ìyá mìíràn mọ bí a ti ń dọ́gbọ́n sí òfin náà. Wọn a fọn imú kíkankíkan lẹ́yìn ògiri, wọn a wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́, ọmọ a gbọ́, a sì fi ọkàn balẹ̀ rìn. Ìyá Àgbà mọ ọgbọ́n yìí bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí ìwà màgòmágó. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń múra lọ: "Ẹni tó ń kọ́ni ní òfin ni òfin kọ́kọ́ ń wò lójú."

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe lọ́jọ́ tí Àjíkẹ́, àbíkẹ́yìn wọn, ń lọ. Èmi kéré jù láti rántí ọjọ́ náà. Bàbá mi Bùràímọ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n Àjíkẹ́, ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Oníṣòwò ni ọkọ tí Àjíkẹ́ fẹ́, Kùmásì nílẹ̀ Gánà ló fi ṣe ibùgbé, gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn. Wọ́n ní kò sí ìyàwó tó sunkún tó bẹ́ẹ̀ rí ní Ìlọrà, ọmọ olùkọ́ ṣáà ni. Nígbà tí Àjíkẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá wọn, wọ́n pe ìyá nínú ẹkún, wọ́n sì dúró, wọ́n ń retí ikọ́ kan tàbí ìfọnmú kan. Yàrá dákẹ́. Wọ́n tún pè. Yàrá tún dákẹ́. Àjíkẹ́ fi ẹkún náà sílẹ̀ láìparí, wọ́n yíjú sí àwọn tó ń sìn wọ́n, wọ́n sì fi ohùn lásán sọ pé, "Ẹ gbé ẹrù mi. Ìyá mi kò ní ẹkún fún mi."

Wọn kò padà wálé mọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Gánà a máa yà sílé wa, wọn a jíṣẹ́ Àjíkẹ́. Aṣọ a máa wá, ọṣẹ a máa wá, ìkíni a sì máa wá, ṣùgbọ́n "Ìyá Bùràímọ̀" ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n bá àwọn kí, bí ẹni tó ń kí ìyá ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà a gbọ́ iṣẹ́ náà dé òpin, wọn a gbé oúnjẹ síwájú ẹni tó jẹ́ ẹ, wọn a sì rán èsì kan náà padà: "Ẹ sọ fún un pé ilé ṣì wà níbi tó fi í sí."

Ọkọ Ìyá Àgbà ti kú. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Fìdítì. Wọ́n fi mí ti Ìyá Àgbà kí ilé má baà dá páropáro, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í lé àìlẹ́nìkan kúrò lára àgbà; ariwo rẹ̀ nìkan ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí ọmọge kankan lọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án, wọn a máa fi ohùn kékeré kọ orin kan sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. Kì í ṣe ẹkún ìyàwó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èsì ni: ẹkún tí ọmọ ti sun lẹ́nu ọ̀nà ni ìyá ń dá lóhùn láti inú yàrá.

"Ilé tóbi ju ẹnìkan lọ, Àjíkẹ́,
Mo tẹ́ ẹní ẹni méjì, apá kan tutù.
Mo pè ọ́, ògiri ló jẹ́ mi,
Mo dákẹ́, ìdákẹ́ náà ń pè ọ́."

Kàrímù ló gbọ́ ọ. Ọmọ Fìdítì ni, bàbá rẹ̀ ní oko ọsàn, ṣùgbọ́n jìtá ni òun gbé kọ́rùn, ó ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣeré kiri. Ó mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kọ́ ẹkún ìyàwó, ó jókòó síta pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn tó gbé wá, Ìyá Àgbà sì rò pé ó ti bá ọmọ náà lọ, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin wọn. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, Kàrímù ti dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní orin náà. Wọ́n lé e. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún lé e. Wọ́n bi í pé, "Bàbá rẹ gbin igi tó ń so, kí ló mú ọ gbé igi tó ń han kọ́rùn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún padà wá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bèèrè ibi tí àwo orin máa ń dé. Ó ní ó ń dé Èkó, ó ń dé Àkúrẹ́, ó ń ré òkun kọjá. Wọ́n ní kò tíì dáhùn. Ó ní ó ń dé Gánà pẹ̀lú, pàápàá Kùmásì, ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Mo wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọge tó ń lọ ilé ọkọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Wọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀: "Orúkọ ọmọ mi ni kí o fi pè é. Bí ó bá gbọ́ ọ, yóò mọ̀ pé mo dáhùn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí Kàrímù ti lọ gba orin náà sínú àwo, kò ṣòro láti lóye fún ẹni tó bá mọ ìṣe àwọn olórin ayé ìgbà náà. Ẹni tó bá fi owó dúró ti olórin kí àwo tó jáde, orúkọ rẹ̀ tàbí ti aya rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú orin. Bí kò bá sí níbẹ̀, àìmoore ni. Oníṣòwò ńlá kan ló dúró ti Kàrímù, Àdùnní sì ni oríkì ìyàwó rẹ̀. Kàrímù rò ó pé oríkì ni oríkì í jẹ́, pé gbogbo ìyá ló ní ọmọ tí wọ́n ń kẹ́, pé ìbànújẹ́ inú orin kò ní dín kù. Ó fi Àdùnní sí ibi tí Àjíkẹ́ wà.

Ó gbé àwo náà wá sí Ìlọrà pẹ̀lú giramafóònù tó yá, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Bàbá mi wá láti Fìdítì. Orin bẹ̀rẹ̀. Jìtá náà dùn, ohùn náà dùn, gbogbo wa ń mi orí. Nígbà tí Àdùnní jáde, bàbá mi wo Kàrímù, Kàrímù wo ilẹ̀. Ohùn orin ti yí ọrùn kí ó lè gba orúkọ àjèjì náà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí abẹ́rẹ́ fi dé àárín àwo tó ń ha lásán. Wọ́n ní, "Kàrímù, o tú ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́yìn mi, o gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n mí."

Kàrímù dọ̀bálẹ̀, ó sunkún, ó kó àwọn àgbà Fìdítì wá bẹ̀bẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ ẹ̀bẹ̀, nítorí wọn kì í di kùnrùngbùn. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún òun àti bàbá mi àti èmi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé àwọn ló ni orin náà. Bàbá mi ní kí a kúkú rán àwọn oníṣòwò láti sọ fún Àjíkẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló ni orin náà, òun sì ni wọ́n dá a fún. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání lójú mi, ó sì dà bẹ́ẹ̀ lójú mi títí di òní. Ìyá Àgbà mi orí. "Orin tí a bá ń fi ẹnu túmọ̀ ti di ẹjọ́," ni wọ́n wí. "N kò bá ọmọ mi ṣẹjọ́."

Àwo náà kò wá mọ ilé mọ́. Ọsàn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì Fìdítì gbọ́ ọ, ẹ̀gẹ́ tó ń gbẹ lórí àpáta gbọ́ ọ. Àwọn tó jìnnà sílé máa ń bẹ àwọn onírédíò pé kí wọ́n tún un kọ. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Ìyá Àgbà wọ mọ́tò lọ kí bàbá mi, awakọ̀ ń kọ ọ́ lọ, ó sì bojú wẹ̀yìn sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó ro orin yìí ti jìyà láyé yìí o." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n wo igbó tó ń sá sẹ́yìn. "Kò jìyà, ọmọ mi," ni èsì wọn. "Ó ṣáà dá jókòó ni."

Nígbà tí ọdún 1969 ń parí lọ ni ìjọba ilẹ̀ Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn, àwọn ènìyàn wa sì ń wọlé lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè rù. Àjíkẹ́ wà lára wọn. Ọkọ wọn ti kú síbẹ̀, wọn kò bímọ. Wọ́n wọlé lọ́sàn-án, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n pe ìyá wọn ní "Ìyá Bùràímọ̀", Ìyá Àgbà sì dáhùn pé káàbọ̀. Kò sí ẹni tó sunkún. Àwa ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pe àlejò wa ní Ìyá Kùmásì.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí rédíò kọ orin náà nínú ilé. Bàbá mi wà níbẹ̀. Ìyá Kùmásì gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní orin yìí ni gbogbo obìnrin tó wà ní ìgboro àwọn ní Kùmásì fi ń nu ojú, pé àwọn kò mọ iye ọjọ́ tí àwọn ti tìtorí rẹ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn: "Bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń wí pé Àdùnní yìí ní ìyá."

Bàbá mi la ẹnu. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ péré, ẹnu náà sì padé. Wọ́n ní, "Orin dáadáa ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Àdùnní mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú ènìyàn tí Sàlámátù jẹ́, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni n ó nawọ́ sí. Ohun tí wọ́n ti ń fẹ́ láti bí ọdún mélòó kan wà létí ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá gbà. Bàbá mi bínú sí wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní irú ìgbéraga wo nìyí. Ìyá Àgbà ní kì í ṣe ìgbéraga. "Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé," ni wọ́n wí. "Bí mo bá wí i, àánú mi ni yóò dá a dúró sọ́dọ̀ mi. Jẹ́ kó jókòó tì mí bó ṣe wù ú."

Ìyá Kùmásì sì jókòó tì wọ́n. Wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọge ní ẹkún. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Ní ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, àìsàn kékeré kan mú Ìyá Àgbà, ó sì gbé wọn lọ kí a tó mọ̀ pé kò kéré.

Kàrímù wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ti di ènìyàn ńlá, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò rẹ̀. Nítorí àwọn àlùfáà, ó fi jìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò. Nígbà tí àdúrà parí, tí a ń gbé oúnjẹ kiri, ó dìde láàárín agbo ilé, ó sì fi ẹnu lásán bẹ̀rẹ̀: "Ilé tóbi ju ẹnìkan lọ, Àjíkẹ́."

Ìyá Kùmásì ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́. Láìbojú wẹ̀yìn, bí ẹni tó ń tún ọmọdé sọ, wọ́n ní, "Àdùnní ni, Kàrímù. Àdùnní ló wà nínú àwo."

"Àdùnní ni èmi fi sí i," Kàrímù dáhùn. "Àjíkẹ́ ni Ìyá fi lé mi lọ́wọ́."

Ó ń bá orin lọ. Ó kọ ẹsẹ tí ojú àwo kò gbà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí lẹ́yìn òun àti èmi àti bàbá mi:

"Ẹkún tí n kò sun lójú ọ̀nà rẹ,
Òun ni mo fi ń bọ́jú láràárọ̀."

Ìyá Kùmásì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìpọnbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àlejò tú ká, wọ́n bi bàbá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀?" Bàbá mi ní àwọn mọ̀. Wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún àwọn, bàbá mi sì sọ gbogbo ohun tí ìyá wọn wí lẹ́yìnkùlé. Ìyá Kùmásì gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Mo jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́, ẹni tó kọ̀ mí ni mò ń wò."

Wọn kò kúrò ní Ìlọrà mọ́ títí ọjọ́ ogbó wọn. Rédíò kò sì yé kọ orin náà. Ẹni kan yóò máa ṣàárò níbì kan, wọn yóò sì tún gbé e sí i, Àdùnní ṣì ni títí ayé, nítorí kò sí ẹni tó lè pe àwo padà. Àwa ará ilé rò pé àánú ni a ń ṣe wọ́n, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan yóò dìde pa rédíò. Lọ́jọ́ kan èmi ni mo dìde. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó kọ ọ́ tán. Èmi ló ń pè."